Mo fẹ́ fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ kí n máa ta póká jẹun. Ẹ dá sí i

Ọmọ Òkè-Àró

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ Olóyèmẹ́kùn, ẹ kú ilé o. Kí ẹ tó bú mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mò ń ṣe, níbí ní Àkúrẹ́. Owó oṣù mi kò tó ₦200,000. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta póká, eré káàdì olówó, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Irú tí wọ́n ń pè ní Texas Hold'em ni, tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́fà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe Baba Ìjẹ̀bú. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi sẹ́ǹtì méjì ta á ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí mo ti dé tábìlì $0.10/$0.25. Gbogbo ọwọ́ tí mo ta, ìyẹn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n pín káàdì, ló wà nínú kọ̀ǹpútà. Láàárín nǹkan bí ọwọ́ 60,000, mò ń jẹ blind ńlá márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún ọwọ́. Blind ńlá ni owó dandan tó tóbi jù tí wọ́n ń fi sílẹ̀ kí wọ́n tó ta ọwọ́ kọ̀ọ̀kan; $0.25 ni lórí tábìlì mi.

Ojú owó mi, ìyẹn owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún eré náà, jẹ́ $1,000, mi kì í fọwọ́ kàn án. Alẹ́ nìkan ni mo ń ráyè ta á. Tí mo bá sọ ọ́ di iṣẹ́, màá lè ta ọwọ́ 30,000 lóṣù. $375 nìyẹn. Tí dọ́là bá wà ní ₦1,500, ó ti lé ní ₦560,000. Kí ni mo wá ń dúró ṣe ní ọ́fíìsì?

Mọ́mì mi kò tíì gbọ́. Àfẹ́sọ́nà mi gbọ́, kò bínú, ó kàn ní kí n lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí orí wọn pé.

Jàgùnlabí FUTA

Ibí wá lẹ wá ẹni tí orí ẹ̀ pé wá? Ẹ káre.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, mo wà lẹ́yìn yín. Akáúńtáǹtì ni Chris Moneymaker ní Tennessee, ó ń gba owó oṣù bíi tiyín. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbà wọ ìdíje àgbà World Series of Poker, ìdíje póká tí ayé mọ̀ jù, ní 2003, ó sì gba $2.5 mílíọ̀nù. Orúkọ ẹ̀ gan-an nìyẹn o, ẹ má rò pé mo dá a sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìjọ̀kà

Jàgùnlabí, èèyàn 839 ló jókòó sí ìdíje yẹn. Mélòó lo mọ orúkọ wọn? Ní 2023, àwọn 10,043 ló wọ ìdíje kan náà, $10,000 sì ni owó ìjókòó ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdíje lọ̀tọ̀, tábìlì owó lọ̀tọ̀. Ọmọ Òkè-Àró kò sọ pé òun ń lọ Las Vegas, oúnjẹ oṣooṣù ló ń wá.

Alàgbà Ọ̀wọ̀

Ẹ máa bá a ṣe ìṣirò. Tẹ́tẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n sí. Àwọn tó ń ta Baba Ìjẹ̀bú ní ìdí ọkọ̀ wa níbí náà ní ìwé ìṣirò, wọ́n á tẹjú mọ́ nọ́ḿbà tó jáde lánàá bí ẹni ń wo Ifá. Mo mọ ilé tí wọ́n tà nítorí ẹ̀. Mo sì mọ ọmọ tí kò padà sí ilé ìwé nítorí ẹ̀. Ọmọ mi, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí àwọn kan ń gbààwẹ̀ sí lo fẹ́ fi sílẹ̀ yìí.

Ọmọ Òkè-Àró

Ẹ ṣé sà, mo gbọ́ yín. Ohun kan ṣoṣo ni màá fi gbèjà ara mi. Ẹni tó ń ta Baba Ìjẹ̀bú, ilé tó ni eré náà ló ń bá ta á, ilé náà ló sì ń jẹ nígbẹ̀yìn. Èmi, ẹni tó jókòó sí tábìlì pẹ̀lú mi ni mò ń bá ta á. Ilé kàn ń gé owó tirẹ̀ nínú ohun tí a bá kó sáàárín ni.

Bàbá Tíṣà, Oǹdó

Ìṣirò ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní girama kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ fún mi láàyè díẹ̀.

Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sọ fún Alàgbà tọ̀nà, eré méjèèjì yàtọ̀. Àmọ́ kí ó má fojú kékeré wo ohun tí ilé ń gé. Lórí àwọn tábìlì kékeré, ó máa ń tó 5% nínú owó àárín, kó tó kan òdiwọ̀n tí wọ́n fi sí i. Èèyàn lè mọ̀ ọ́n ta ju gbogbo ẹni tó jókòó lọ, kí ilé sì kó gbogbo èrè ẹ̀ lọ.

Blind ńlá márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún ọwọ́ yẹn ni mo fẹ́ bá a sọ. Tí ìwọ bá ní ace méjì lọ́wọ́, káàdì méjì tó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀, tí ẹnì kejì ní king méjì tó tẹ̀ lé e, tí ẹ ti ti gbogbo owó yín sáàárín, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún lo máa pàdánù. O kò ṣe ohun tó burú. Bẹ́ẹ̀ ni káàdì ṣe rí. Àwọn tó ń ta irú eré yìí máa ń ka ìgòkè-ìsọ̀kalẹ̀ owó sí nǹkan bí blind ńlá 90 lórí ọgọ́rùn-ún ọwọ́. Òun náà ni mo fi ṣe ìṣirò tèmi.

Ká ní 5 lò ń jẹ lóòótọ́. Tí o bá ta ọwọ́ 10,000, blind ńlá 500 ló yẹ kó wọlé. Àmọ́ ìgòkè-ìsọ̀kalẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 900. Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú mẹ́wàá, owó rẹ á dín, ìwọ tí o mọ̀ ọ́n ta. Bí o bá ta á dé 100,000 kó tó di pé ewu yẹn bọ́ sí nǹkan bí 4 nínú 100. Ọwọ́ 60,000 tí o kó wá yìí, kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá 5 lò ń jẹ, tàbí 2, tàbí 8 pàápàá.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. O ní o kì í fọwọ́ kan $1,000. Ta ló ń bọ́ ọ? Owó oṣù ni. Bí 5 bá jẹ́ òótọ́, tí owó oṣù sì ń bọ́ ọ, ewu pé $1,000 yẹn máa run kò tó 1 nínú 100. Fi iṣẹ́ sílẹ̀ wàyí, kí o máa mú $200 níbẹ̀ lóṣooṣù fi jẹun. Ewu náà di nǹkan bí 10 nínú 100. Bó bá wá jẹ́ pé 3 lò ń jẹ gan-an, ó ti lé ní 70 nínú 100. Ẹni tí kò sọ̀ kalẹ̀ sí tábìlì kékeré ni mò ń ṣírò fún o. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀, ojú owó ẹ̀ lè má run, àmọ́ kò ní rí $200 yẹn mú mọ́.

Eré kan náà, orí kan náà. Oúnjẹ nìkan la fi kún un.

Jàgùnlabí FUTA

Bàbá, níbo lẹ wà nígbà tí mò ń ṣe MTH 101?

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ blind ò fi bẹ́ẹ̀ yé mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oúnjẹ yé mi.

Àbúrò mi, $200 yẹn, ₦300,000 ni. Yọ owó ilé. Yọ dátà. Yọ epo jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì inverter, torí ẹni tó ń ta káàdì lórí kọ̀ǹpútà kò lè ní òun ń dúró de ìgbà tí iná bá dé. Yọ èyí tí ò ń fún Mọ́mì, mo mọ̀ pé ò ń fún wọn. Kí ló kù tí ìyàwó máa gbé lọ sí Ọjà Ọba?

Ẹ tún wo ti àwọn àna. Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n á bèèrè iṣẹ́ tí ọkọ ìyàwó ń ṣe, gbangba ni wọ́n sì máa ń bèèrè ẹ̀. Ta ni nínú ẹbí rẹ tó máa dìde sọ pé "ọmọ wa ń ta póká"? Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé àwàdà ni. Onílé náà á bèèrè. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń wá ilé ní Òbá-Ilé, ìwé iṣẹ́ ni ejẹ́ǹtì kọ́kọ́ ní kí ó mú wá, kí wọ́n tó dárúkọ owó.

Mi ò ní kí o má ṣe é. Mo ní kí ìyàwó mọ nọ́ḿbà tí Tíṣà kọ yìí, kì í ṣe ₦560,000 tí o kọ sókè yẹn nìkan.

Ẹ̀gbọ́n Ìjọ̀kà

Ẹ fi ti àwọn agbófinró kún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í jáde lọ síbi iṣẹ́, tí iná ẹ̀ ń tàn títí di aago méjì òru, tó ní láptọ̀ọ̀pù, tí dọ́là ń wọlé fún. Orúkọ wo ni àdúgbò máa pè é? Ọmọ Yàhúù. Tí wọ́n bá dá ọ dúró lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní kí o ṣí fóònù, kò sẹ́ni tó máa dúró gbọ́ àlàyé king méjì. Lónìí, káàdì ìdánimọ̀ ibi iṣẹ́ rẹ ń gbà ọ́ lọ́wọ́ ohun tí o kò tilẹ̀ mọ̀. Tó bá kúrò lọ́rùn rẹ, máa tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo owó tó wọlé láti ìkànnì wọ báńkì, pẹ̀lú orúkọ rẹ gan-an.

Ọmọ Ìdànrè

Èmi ni mò ń ṣe é jẹun, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. Mi ò ní sọ pé má ṣe é, mi ò sì ní pọ́n ọ́n fún ọ.

Iṣẹ́ ni, ó sì máa ń súni. Àwọn tó ń fi owó ṣeré là ń wá, kì í ṣe àwọn tó mọ̀ ọ́n ta. Ìgbà tí wọ́n bá jókòó ni ìwọ náà gbọ́dọ̀ jókòó. Tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní São Paulo, aago kan òru ló lù ní Àkúrẹ́ yẹn. Sátidé àti Sọ́ńdè lówó pọ̀ jù lórí tábìlì, ìgbà tí gbogbo ìlú bá wà lóde ayẹyẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ò pè mí sí nǹkan mọ́.

Tó bá di ọ̀sán, o gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́. Ní 2019, àwọn ará Carnegie Mellon pẹ̀lú Facebook gbé Pluribus jáde, ẹ̀rọ tó na àwọn ọ̀gá nínú tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́fà. Eré tí ò ń ta gan-an nìyẹn. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi bó ṣe yẹ ká ta ọwọ́ kọ̀ọ̀kan hàn wà lọ́jà, àwọn tí ò ń bá jókòó sì ti ń rà á. Ẹni tó ń jẹ 5 lónìí tó ní òun ti mọ̀ ọ́n tán, ẹ padà bi í léèrè lọ́dún méjì sí i. Àwọn kan sì ń jẹ́ kí ẹ̀rọ bá wọn ta á; àwọn ìkànnì ń lé irú wọn. Wọn kì í rí gbogbo wọn mú.

Nípa owó: kí n tó kúrò níbi iṣẹ́ mi, owó oúnjẹ ọdún kan gbáko wà lọ́tọ̀ ní báńkì, kì í ṣe ara ojú owó. Ojú owó fúnra ẹ̀ tó owó ìjókòó ọgọ́rùn-ún, ìyẹn iye tí èèyàn ń gbé jókòó sí tábìlì lẹ́ẹ̀kan, lọ́nà ọgọ́rùn-ún. $1,000 rẹ, ogójì ni lórí tábìlì tí o wà. Ogójì dáa fún ẹni tó ní owó oṣù, Tíṣà ti fi ìdí ẹ̀ hàn.

Má kó gbogbo ẹ̀ sí ìkànnì kan. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 2011, ìjọba Amẹ́ríkà ti àwọn ìkànnì póká PokerStars, Full Tilt àti Absolute Poker pa mọ́ àwọn ará ibẹ̀ lójú. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí owó wọn há sí Full Tilt, 2014 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i gbà. Nílé wa níbí náà, oṣù kejì 2021 ni CBN, báńkì àpapọ̀ wa, ní kí báńkì má bá crypto, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, da nǹkan pọ̀ mọ́, oṣù kejìlá 2023 ni wọ́n tó yí i padà. Kò pẹ́ sí i, ní oṣù kẹta 2024, Binance, ìkànnì tí wọ́n ti ń ra crypto tí wọ́n sì ń tà á, dáwọ́ náírà dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ibẹ̀ la máa ń gbà kó owó wá sílé nígbà náà. Tó bá sì jẹ́ pé VPN, ètò tó ń fi ibi tí èèyàn wà pamọ́, lò ń fi wọ ìkànnì tí kò gba ará Nàìjíríà, má wulẹ̀ ka owó ibẹ̀ sí tìrẹ. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ kó o ni wọ́n máa bèèrè ibi tí ò ń gbé.

Èyí tó kù le jù. Tí káàdì bá nà ọ́ lónìí, wàá pa kọ̀ǹpútà, wàá sùn, torí owó oṣù ń bọ̀. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí o san owó ilé, o kò ní pa á. Wàá gun tábìlì tó ju agbára rẹ lọ láti lé owó náà padà. Tilt là ń pè é. Márùn-ún rẹ ò ní sí níbẹ̀ mọ́, ẹlòmíràn ni yóò máa jẹ ẹ́ lára rẹ.

Àǹtí Péńsọ̀n

Ẹ dárí jì mí, ọ̀rọ̀ ìwé ni tèmi, torí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ẹ̀ títí wọ́n á fi kọ lẹ́tà pé àwọn ń fiṣẹ́ sílẹ̀.

Lábẹ́ òfin péńsọ̀n 2014, ìwọ ń fi 8% sílẹ̀, ìjọba ń fi 10% kún un. Tí o bá lọ, 10% yẹn ti lọ. Tí o kò bá tíì pé àádọ́ta ọdún, ó tó oṣù mẹ́rin tí o kò fi rí iṣẹ́ mìíràn kí o tó lè bèèrè, 25% péré ni wọ́n sì máa fún ọ. Nítorí náà ẹ má ka owó péńsọ̀n mọ́ ojú owó. Mo mọ ohun tí mo rí.

Òfin kan náà ló ní kí agbanisíṣẹ́ ṣe adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, ó kéré tán ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan. Ti ìlera sì wà: ìwọ, ìyàwó, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ìwọ tí o fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, lọ bèèrè iye tí aboyún ń ná ní ilé ìwòsàn aládàáni, kí o tó pín $375 rẹ.

Bó bá jẹ́ pé o jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní gbèsè, kí lẹ́tà tó wọlé ni kí o ti mọ bí o ṣe máa san án. Àwọn tó ṣe onídùúró fún ọ ni wọ́n máa lọ bá.

Ẹ̀gbọ́n Ìjọ̀kà

Ọmọ Òkè-Àró, ìbéèrè kan. Ọwọ́ ta ni owó yẹn ti ń wá? Kọ̀ǹpútà rẹ lè tò ó lẹ́sẹẹsẹ, orúkọ dé orúkọ. Wò ó kí o wá sọ fún wa.

Ọmọ Òkè-Àró

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Mo lọ wò ó.

Ó lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gbogbo èrè mi tó wá láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Alẹ́ Sátidé ló máa ń wá, kò sí ọwọ́ tí kì í ta, gbogbo ìgbà ló ń fi owó kún owó. Mo mọ̀ pé mò ń jẹ ẹ́, mi ò mọ̀ pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Jàgùnlabí FUTA

Ṣé ó ṣì ń wá?

Ọmọ Òkè-Àró

Rárá. Ó ti ṣe díẹ̀.

Bàbá Tíṣà, Oǹdó

Mo ti rí fáìlì tó fi ránṣẹ́ sí mi. Mo yọ ọkùnrin yẹn kúrò, mo tún un ṣe. Ó kù díẹ̀ kó pé 2 lórí ọgọ́rùn-ún ọwọ́. Ní 2, kò sí bí ó ṣe lè mú $200 lóṣù kí ojú owó máa pọ̀ sí i. Ohun tó ń mú ju ohun tó ń wọlé lọ.

Ọmọ Ìdànrè

Tíṣà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò gbà pé kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Irú ọkùnrin yẹn ni iṣẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó ń ta póká jẹun tí kì í ṣe ọwọ́ irú wọn ló ti ń rí i. Ohun tó yẹ ká bi ọmọ yìí ni bóyá ó mọ bí a ṣe ń wá òmíràn, àbí ẹni yẹn kàn bọ́ sí i lọ́wọ́ ni. Ẹni tó bá ń wo tábìlì kó tó jókòó, tó ń dìde nígbà tí kò bá sí ẹni tó yẹ níbẹ̀, á tún rí irú ẹ̀.

Bàbá Tíṣà, Oǹdó

Ẹ lè jàre. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi ní ọwọ́ 60,000 mìíràn kí n tó gbà.

Alàgbà Ọ̀wọ̀

Ọkùnrin tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí ńkọ́? Òun náà ní ilé. Òun náà lè ní ìyàwó.

Ọmọ Ìdànrè

Òótọ́ ni sà. Mi ò ní èsì sí ìyẹn.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀

Ẹ ṣé, Alàgbà.

Ọmọ Òkè-Àró

Mo ti gbọ́ gbogbo yín. Ohun tí mo rò nìyí, ẹ bá mi wò ó. Mi ò ní kọ lẹ́tà. Màá kó èrè sórí ojú owó títí tó máa fi pé $2,500, ìyẹn owó ìjókòó ọgọ́rùn-ún. Owó oúnjẹ ọdún kan, owó oṣù ni màá ti máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, sí báńkì mìíràn. Màá sì máa kọ orúkọ gbogbo tábìlì tí mo wò tí mi ò jókòó sí, torí Ọmọ Ìdànrè.

Mo ní ìsinmi ọdún tí mi ò tíì lò. Mo fẹ́ gbà á, kí n fi ta á ní òru bí ẹni tó ń ṣe é ní iṣẹ́, kí èmi àti àfẹ́sọ́nà mi lè mọ bí ilé ṣe máa rí. Mo fi gbogbo ohun tí ẹ kọ hàn án. Ti àna ló kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ Ìdànrè

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nínú ìsinmi yẹn, fi ọwọ́ ara rẹ san owó ilé oṣù náà láti inú ojú owó, kí ara rẹ lè mọ bó ṣe ń rí kí o tó jókòó.

Àǹtí Péńsọ̀n

Kọ ìwé ìsinmi yẹn kíákíá. Níbi tèmi, tí ọdún bá ti fẹ́ parí, ọ̀gá kì í fọwọ́ sí i mọ́ torí gbogbo ènìyàn ló ń bèèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Kí o sì wo ìwé owó oṣù rẹ dáadáa kí o tó lọ, bóyá 10% ti ìjọba ń wọlé sí àpò péńsọ̀n rẹ lóòótọ́. Tí kò bá wọlé, ìsinsìnyí tí o ṣì wà nínú iṣẹ́ ni kí o pariwo.